Ihò Ògiri Tí Mi Ò Dí

Nínú ilé tí mò ń gbé, èmi ni wọ́n máa ń gbàgbé pé ó wà níjòókòó. Wọ́n á ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí ẹnìkan tó bojú wẹ̀yìn, kó ní, "Àbí Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀ yẹn ni?" Jẹ́jẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ mí, torí pé ohùn mi kì í jáde. Bí mo bá kí ènìyàn lójú ọ̀nà, àfi kí n tún un kí kó tó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lè má gbà mí gbọ́, bí mo bá sọ pé ohùn mi yìí kan náà ni ó tú ilé ẹ̀gbọ́n mi ká. Ẹ fara balẹ̀. Mo fẹ́ rò ó bó ṣe rí gan-an, mi ò ní bu iyọ̀ sí i.

Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama tí mi ò mọ ibi tí mo kọjú sí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Àǹtí ni mò ń pè wọ́n. Olùkọ́ ni wọ́n. Ọkọ wọn, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, máa ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó ń kọ́lé, inú ilé náà ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Bọ̀dá ń gbé pẹ̀lú wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Etí Màmá ti di, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè tàbí kó fi ẹnu kan etí wọn. Lẹ́yìn wọn, ó ku ọmọ Àǹtí, ọmọbìnrin kékeré kan tí a ń pè ní Arúgbó nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń kọ́, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wá ń já mọ́ Bọ̀dá lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣáá, wọ́n pe ọ̀gá mi pé kó wá fa wáyà wọ gbogbo yàrá. Wọ́n tún fẹ́ sáfà, ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa tọ́jú gbogbo àwòrán wọn pa mọ́ sójú kan. Ibi tí a máa gbé e sí ni yàrá kékeré kan tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí tẹ́lẹ̀. Inú yàrá ìgbálẹ̀ yẹn ni gbogbo wáyà ilé máa parí sí.

A gbẹ́ ògiri, a tẹ́ páìpù sínú rẹ̀ láti yàrá kọ̀ọ̀kan wá sí yàrá ìgbálẹ̀, a sì fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Nígbà tí a ṣe tán, ẹnu àwọn páìpù náà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára ògiri bí ẹnu ìbọn. Okùn tínrín kan gba inú páìpù kọ̀ọ̀kan kọjá, òun ni a máa so mọ́ wáyà láti fà á.

Wáyà tí a rà kò tó. Ọ̀gá sì ti gba iṣẹ́ mìíràn.

"Ìwọ lò ń gbé ilé yìí, ìwọ lo máa parí ẹ̀," wọ́n sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Páìpù tí kò bá tíì ní wáyà nínú, fi fóòmù dí ẹnu ẹ̀ lónìí. Dí i níbí, dí i nínú yàrá."

"Torí eku ni, Ọ̀gá?"

"Torí eku, torí aáyán, torí èéfín bí iná bá ṣẹlẹ̀. Páìpù tí ẹnu ẹ̀ bá ṣí, ọ̀nà ni. O ò sì mọ ohun tó máa gba ọ̀nà."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gé fóòmù wẹ́wẹ́, mo kúnlẹ̀ nínú yàrá ìgbálẹ̀, mo mú ẹyọ kan, mo fẹ́ kì í bọ ẹnu páìpù yàrá Àǹtí.

Okùn inú páìpù náà gbọ̀n díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá, ketekete, bí ẹni pé wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Jẹ́jẹ́ ńkọ́?"

Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í bi ní nǹkan, wọ́n ń fi orúkọ mi bi ara wọn. Mo fi etí lé páìpù. Ó tutù.

Àǹtí ló dáhùn. Wọ́n ní, "Jẹ́jẹ́ ti dàgbà. Kò lè máa sá sẹ́yìn aṣọ mi títí ayé. Bí a bá kúrò níbí, ẹ jẹ́ kó lọ dá dúró."

"Màmá ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ lo ọdún kan lọ́dọ̀ àbúrò yín. Ọdún kan péré, bàbá Arúgbó. Ilé ìwé tó ń fi ọ̀gá àgbà lọ ènìyàn kì í wá lẹ́ẹ̀mejì."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ilé ìwé kan ní ìlú tó jìnnà fẹ́ fi Àǹtí ṣe ọ̀gá àgbà, tí wọ́n ń bá ọkọ wọn jíròrò rẹ̀, tí wọn ò sì tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ó dùn mí. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni Àǹtí sọ, òun ló jẹ́ kó dùn mí. Mo wo fóòmù tó wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí n máa lọ ni, kí n lè múra sílẹ̀. Bí mo bá ti mọ̀, màá dí i.

Mi ò dí i.

Nínú yàrá, ẹ̀yìn orí bẹ́ẹ̀dì ni ihò náà wà, kò sí ẹni tó ń rí i. Ti pálọ̀ wà lẹ́yìn àga, kàlẹ́ńdà sì bò ó. Mo kàn ki fóòmù bọ ẹnu páìpù lápá ọ̀dọ̀ mi, fúyẹ́fúyẹ́, bí ènìyàn ṣe ń dé ìgò tó ṣì fẹ́ mu nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ mi nínú yàrá ìgbálẹ̀ kò tán mọ́. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní ó ku díẹ̀. Mo mọ̀ pé Bọ̀dá máa ń dárin fún ara wọn bí àwòrán bá ń dùn mọ́ wọn. Mo mọ̀ pé Arúgbó máa ń na ọmọ ìṣeré rẹ̀, tó sì máa ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Mo ń gbọ́ ìgbà tí Àǹtí bá mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó jáde sí àwa yòókù. Èmi nìkan ni mo mọ gbogbo ilé, ilé kò sì mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan, Arúgbó dá oúnjẹ dúró lẹ́nu, ó ní, "Mọ́mì, ògiri yàrá mi ń wúkọ́."

"Ẹ fún un lóògùn," Bọ̀dá dáhùn.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Eruku yàrá ìgbálẹ̀ ti ń mú mi wúkọ́ láti àárọ̀. Ohun tí mo bá ara mi sọ ni pé kí n máa fi aṣọ bo ẹnu. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà lọ, ibẹ̀ náà ni ènìyàn ń gbà bọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá ti máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa rán bọ́tìnnì tó já mọ́ aṣọ gbogbo ilé. Èmi ni mo máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn. Nítorí etí wọn, mo máa ń fi ẹnu kan etí wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn sì bá mi lára mu. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó má ní kí n tún un sọ.

"Jẹ́jẹ́, sún mọ́ mi," wọ́n ní. "Bí mo bá ti wọlé báyìí, àwọn méjèèjì á dákẹ́. Etí mi ló di o, ojú mi ò fọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"O mọ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló máa ń mọ nǹkan." Wọ́n ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ẹni tó bá fẹ́ gbé arúgbó, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún un?"

Mo fi ẹnu kan etí wọn. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ àbúrò Bọ̀dá ni wọ́n fẹ́ kí ẹ lọ. Fún ọdún kan."

Wọn ò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí. "Ìwọ gan-an lọmọ," wọ́n ní.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó ń tì mí lójú jù. Ó dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n mo rìn wọlé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

A jókòó jẹun alẹ́ ọjọ́ kejì. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń di ẹrù mi," wọ́n ní. "Kí wọ́n rántí fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi sí i. Mo ṣì ń lò ó."

Àǹtí wo Bọ̀dá. Bọ̀dá wo Àǹtí. Èmi wo iyọ̀ tó wà lórí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, mo ti wà lẹ́nu páìpù.

"Ẹ ti sọ fún Màmá," Àǹtí ní.

"Mi ò sọ nǹkan kan fún Màmá."

"Àwa méjì la wà nínú yàrá yìí."

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ àwa méjì, tí kì í bá ṣe èmi, ta ló kù?"

Okùn náà gbọ̀n. Ẹnìkan ti jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá yọjú sí yàrá ìgbálẹ̀. Fóòmù wà lọ́wọ́ mi. Mo fi í pa mọ́ sẹ́yìn, bí ọmọ tó jí ẹran.

"Àna mi," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí bí wọ́n bá fẹ́ bá mi ṣeré, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ṣeré. "Ìwọ máa ń wà nílé. Ǹjẹ́ o rí ẹ̀gbọ́n ẹ kó bá Màmá sọ̀rọ̀ kan lọ́tọ̀?"

Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ìbá ti parí. Kí n ṣáà ti na ọwọ́, kí n fi fóòmù hàn wọ́n, kí n ní, "Ẹ dákun, Bọ̀dá, èmi ni." Wọn ìbá bínú, wọn ìbá gbá mi létí, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Mo ṣí ẹnu.

"Mo rí wọn nílé ìdáná," mo ní. "Àwọn àti Màmá. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Bọ̀dá mi orí. "Mi ò gbọ́ ẹ. Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa irọ́ náà mọ́ ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé.

Láti ìgbà yẹn, ilé tutù bí ilé òkú. Àwọn tọkọtaya yìí ò bára wọn jà, ìbá sàn bí wọ́n bá jà. "Ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ló kù láàárín wọn. Bí Bọ̀dá bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí Àǹtí sì kọjá, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Bí Àǹtí bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, èmi sì ń gbọ́.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yìí ni Àǹtí ti pe ọ̀rẹ́ wọn, obìnrin kan tí wọ́n ti jọ jókòó lórí àga kan náà láti kékeré.

"Mo ti gbà á o," wọ́n ní. "Mo ti sọ fún ilé ìwé náà pé mò ń bọ̀. Mi ò tíì lè sọ fún ọkọ mi, ilé ò rọgbọ. Jẹ́ kí n wá ọjọ́ tí inú wọn bá dùn, màá kúnlẹ̀ sọ fún wọn. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Ṣé ẹ ti mọ ìyókù? Màmá dì mí lọ́wọ́ mú ní ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ẹnu kan etí wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú tí Bọ̀dá fi gbọ́.

Ohùn Bọ̀dá kò nílò páìpù lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. "O ti gbà á. O ti gbà á kí o tó sọ fún mi. Èmi ni ọkọ tàbí èmi ni ayálégbé?"

Àǹtí kò bẹ̀bẹ̀. Fóònù ni wọ́n gbé. Mo gbọ́ wọn tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé, "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Má pè mí mọ́." Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ìró ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó gbára lé ògiri. Ẹ̀yìn wọn sún mọ́ ihò náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ èémí wọn. Mo di okùn mú. Ó ń gbọ̀n wínníwínní lọ́wọ́ mi.

Mo rò pé èyí tó burú jù nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí wà níbi iṣẹ́. Mò ń so sáfà mọ́ orí pákó, nígbà tí ohùn Bọ̀dá wọlé láti yàrá iṣẹ́ wọn. Ohùn ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni.

"Ẹ káàsán o. Ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́. Mo fẹ́ fi tó yín létí pé ara rẹ̀ kò yá, kò ní lè wá gba iṣẹ́ náà. Ẹ wá ẹlòmíràn." Wọ́n gbọ́ èsì ẹni náà. "Rárá, ẹ má wulẹ̀ pè é. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo jókòó lórí àpótí irinṣẹ́. Àǹtí ti ń kó ìwé wọn jọ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ra bàtà tuntun, wọ́n sì fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, wọn ìbá tún pe ilé ìwé náà padà, ọ̀rọ̀ ìbá sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún wọn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí ni pé, "Báwo lo ṣe gbọ́?"

Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, mo ní kó ṣì máa lọ ná.

Àwọn méjì tí wọ́n jẹ́ àgbà fún wa wá parí ìjà náà ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá, awakọ̀ ńlá tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún. Ìkejì ni ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí èmi àti Àǹtí, télọ̀ ni wọ́n, Bàbá Télọ̀ sì ni à ń pè wọ́n.

"Jẹ́jẹ́, lọ parí iṣẹ́ ẹ," Bàbá Télọ̀ ní. "Ọ̀rọ̀ àgbà ni."

Mo wọ yàrá ìgbálẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti tan sáfà lọ́jọ́ náà. Iná kéékèèké aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, fáànù inú rẹ̀ sì ń hó ṣáá, ooru ti kún ibẹ̀. Mo yọ fóòmù pálọ̀. Ariwo fáànù kò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa, torí náà mo yọ ti yàrá yòókù náà, bóyá n óò rí èyí tó máa gbé ohùn wọn wá jù. Gbogbo ẹnu páìpù ṣí sílẹ̀ kalẹ̀.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Màmá ni.

"Wọ́n ní kí n fún àwọn láàyè díẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo àwọn ihò náà, wọ́n wò mí. "Mo ti rò ó. Níbí lo ti ń gbọ́."

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi etí lé páìpù. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Mo fẹ́ fi ẹnu kan etí wọn, ṣùgbọ́n àyè kò sí. Sáfà ló wà láàárín wa.

"Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n," mo ní.

"Mi ò gbọ́."

"Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, Màmá."

"Gbé ohùn sókè, ẹ̀rọ yìí ń pariwo."

Èmi tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, mo gbé ohùn sókè. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ògiri nípọn. Mo kó gbogbo ohùn tí mi ò lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo tú u jáde.

"Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n ni! Bàbá Télọ̀ ní kí Bọ̀dá jẹ́ kí Àǹtí lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan! Wọ́n ní kí Àǹtí náà tọrọ àforíjì! Àǹtí ti kúnlẹ̀!"

"Ọmọ mi ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ gbà o. Iṣẹ́ tí o ní ìyàwó rẹ̀ ti gbà yẹn, ṣé o gbọ́ ọ dájú?"

"Mo gbọ́ ọ, Màmá! Láti inú ihò yàrá wọn ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ wọn! Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún yín látẹ̀yìnwá, inú páìpù yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ!"

"Kí ni wọ́n wá ń sọ báyìí?"

Mo fi etí lé páìpù pálọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Wọ́n ti dákẹ́, Màmá!"

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀!"

Láti inú páìpù yàrá Arúgbó, mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé. "Ògiri ń pe Màmá," ó ní.

Mi ò tíì yí orí kúrò lẹ́nu páìpù pálọ̀ nígbà tí ohùn kan jáde láti ibẹ̀, nítòsí gan-an, jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ tó ń sùn.

"Jẹ́jẹ́."

Àǹtí ni.

Nígbà tí mo dé pálọ̀, wọ́n ti sún àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kàlẹ́ńdà wà nílẹ̀. Bàbá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo inú ihò náà bí ẹni tó ń wo ojú abẹ́rẹ́.

"Ògiri létí, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré," wọ́n ní. "Mo dàgbà tó báyìí kí n tó rí ògiri tó lẹ́nu."

"Ikú ilé ni," ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá ní. "Olè etí. A ní ká wá ẹni tó ń tú àṣírí, a ò mọ̀ pé abẹ́ àtẹ̀gùn ló ń gbé."

Kò sí ẹni tó lù mí. Bọ̀dá kàn ń wò mí ni.

"Ó sọ fún mi pé òun rí ẹ nílé ìdáná," wọ́n sọ fún Àǹtí. "Pé ìwọ lò ń bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àbúrò ẹ."

Àǹtí mi orí, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wo ọkọ wọn, ọkọ wọn náà wò wọ́n. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí wọ́n wo ojú ara wọn báyẹn. Kò sí èyí tó dalẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Bọ̀dá na ọwọ́ láti fà wọ́n dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Àǹtí kò tíì gba ọwọ́ náà. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Ilé ìwé yẹn ò tíì pè mí," wọ́n ní. "Mò ń retí wọn. Kí ló tún kù tí o gbọ́, tí o ò sọ?"

Ọwọ́ Bọ̀dá dúró sójú kan lókè. Wọ́n ń fi ojú bẹ̀ mí. Ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ mí rí láyé mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kò sí nǹkan kan, ilé náà lè tún dúró. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí á máa retí fóònù tí kò ní dún.

Mo sọ ọ́. Ohùn mi ti padà sí bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n tún un sọ.

Àǹtí dìde fúnra wọn. Wọ́n pe ilé ìwé náà lójú gbogbo wa. Ilé ìwé náà dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n bi Àǹtí bóyá ara wọn ti yá, wọ́n ní àwọn ti fi ẹlòmíràn sí i. Ká ní Àǹtí tètè pè ni.

Bọ̀dá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá Télọ̀ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá bẹ̀bẹ̀. Àǹtí ń gbọ́ wọn bí ẹni tó ń gbọ́ òjò.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kì í ṣìwí. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Mo sọ èyí tó yẹ kí n gbé mì, mo sì gbé èyí tó yẹ kí n sọ mì. Bí ẹ bá ní ẹnìkan nílé yín tó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀, ẹ máa bi í ní nǹkan, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwọ ni ẹni náà, tí o bá ti gbọ́ ohun tí kì í ṣe tìẹ, yára sọ bí o ṣe gbọ́ ọ kó tó dàgbà lọ́wọ́ rẹ.

Màmá padà lọ sọ́dọ̀ àbúrò Bọ̀dá náà. Wọ́n ní ilé ti tutù jù. Èmi ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Mo lọ fa wáyà tó kù nílé Bọ̀dá, mo sì fi ìdérí bo gbogbo rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣiṣẹ́ ketekete ní gbogbo yàrá. Bọ̀dá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ tí Àǹtí ń di ẹrù wọn láti fi ilé sílẹ̀, kí wọ́n tó mú Arúgbó lọ, wọ́n fi fóòmù lé mi lọ́wọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n dí gbogbo ihò kí àwọn tó jáde nílé.

Mo ti yàrá ìgbálẹ̀ mọ́ ara mi. Mo dí ti pálọ̀. Mo dí ti Màmá, mo dí ti yàrá iṣẹ́, mo dí ti Arúgbó. Ó ku ti yàrá Àǹtí. Mo gbọ́ ìró hángà tí wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa bàtà tuntun náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́, okùn náà gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ihò.

"Ṣé o ti dí i?" wọ́n bi mí.

"Rárá, Àǹtí."

Mò ń retí kí wọ́n sọ nǹkan kan sí i.

"Dí i," wọ́n ní.

Mo dí i.